Àkọtọ́ Yorùbá àti Kọ̀ǹpútà Ilé Ìkàwé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ilé ìkàwé bá délẹ̀, iná tí kì í dúró àti owó tí kò tó ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé Yorùbá, ìṣòro kan wà tí iná àti owó kò lè yanjú. Àkọtọ́ ni ìṣòro náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní 1938. “Irunmale” ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. “Irúnmọlẹ̀” ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lónìí. Ènìyàn mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Lẹ́tà ni ó ń fi wé lẹ́tà, bí wọn kò bá sì dọ́gba, yóò ní ìwé náà kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí pẹpẹ. Bákan náà ni “aiye” àti “enia” tí àkọtọ́ 1974 sọ di “ayé” àti “ènìyàn”. Ẹ̀wẹ̀, ètò tí ó bá ń gé àmì dànù yóò ka oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjà tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè Mápó tún jẹ́ ẹ̀rí. Ọjà Ìba ni, láti ara oyè Ìba Olúyọ̀lé. Ará ìlú ń pè é ní Ọjà’ba. Àwọn mìíràn ń kọ “Ojaba”, àlejò a sì rò pé ọjà ọba ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni a tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá fi ìyókù wá a yóò pàdánù ìtàn Olúyọ̀lé.

Káàdì àtijọ́ kò yára, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ìwé a máa kọ “wo” sí i, láti darí òǹkàwé láti orúkọ kan sí èkejì. Ọgbọ́n yìí kò ṣòro fún ẹ̀rọ. MARC, ìlànà tí Library of Congress ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ní àyè fún orúkọ mìíràn tí a mọ ìwé kan sí. Ẹni tí ó mọ èdè nìkan ni ó lè kọ ohun tí ó yẹ síbẹ̀.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Kí orúkọ ìwé wà bí a ti tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀rí ìtàn ni. Kí a sì kọ ti òde òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni èyí pẹ̀lú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.