Ẹ Kú Arafẹ́rakù nínú Ilé Ìwòran Bọ́ọ̀lù

Kò sí ipò tí ọmọ ẹ̀dá lè bá ara rẹ̀ tí Yorùbá kò ní kíkí fún. A ní ti ẹni tí ó jókòó, a ní ti ẹni tí ó wà ní ìdúró. Ẹni tí òjò pa, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, ẹni tí ó ń náwó àti ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé, kò sí èyí tí a kì í kí nínú wọn. Ìbéèrè tí ó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kí ni a ń kí ẹni tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ pàdánù? Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan pòṣé sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe àrùn. N kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá wọn jókòó láti oṣù kẹjọ ọdún kan títí di oṣù karùn-ún ọdún kejì nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Challenge, ní ìlú Ìlọrin, yóò gbà pé ìbànújẹ́ tí ó ń bẹ níbẹ̀ kì í ṣe eré, àti pé èdè wa ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà bá a lò.

Lítíréṣọ̀ ni mo pe ohun tí ó ń lọ nínú ilé náà, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ilé ọ̀hún kò ju páànù, àga gbọọrọ, tẹlifíṣọ̀n méjì àti jẹnẹrétọ̀ kan tí ń pariwo lẹ́yìnkùlé lọ; ara pátákó dúdú tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí yóò pàdé sí, pẹ̀lú aago tí wọn yóò pàdé. Àwọn tí ń ta fóònù, télọ̀, awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń sanwó wọlé. Wọn kò wá wòran nìkan. Wọ́n wá sọ̀rọ̀. Oríkì ìlú náà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnu ọmọ Ìlọrin dùn ju iyọ̀ lọ, ìlú tí ó sì ni dàdàkúàdà kò lè ṣàìmọ bí a ti ń yin ènìyàn tí a sì ń bú u nínú èémí kan náà. Àwọn onímọ̀ wa ti gba ohùn Odòlayé Àrẹ̀mú sílẹ̀, wọ́n ti tú u palẹ̀, wọ́n ti fi gboyè. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní alẹ́ ọjọ́ tí Arsenal bá fìdí rẹmi.

Télọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alfa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí mo mọ̀ tí ìfẹ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin tó tirẹ̀. Kanu Nwankwo ni ó fà á wọ inú Arsenal ní 1999, ọdún tí Kanu gbá góòlù mẹ́ta wọlé Chelsea lẹ́yìn tí Chelsea ti fi góòlù méjì ṣíwájú. Nígbà tí Kanu fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2004, Alfa kò bá a lọ. Sáà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé ni ti 2022 sí 2023. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù lè gbọ́ ọ báyìí: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Arsenal fi gbá 19, tí í ṣe ìdajì, wọ́n ti kó pọ́ìǹtì 50 jọ. Ọjọ́ 248 ni wọ́n fi wà lókè tábìlì nínú sáà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ife ẹ̀yẹ náà. Nínú ìtàn líìgì gíga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹgbẹ́ kankan ṣáájú wọn tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè tí ó sì tún já wálẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2023 ni ayọ̀ Alfa kún jù. Bournemouth ni wọ́n ń bá gbá, ní London. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kò tíì pé tí góòlù fi wọlé Arsenal. Nígbà tí ó ṣe, ó di méjì. Arsenal dá méjèèjì padà, nígbà tí ó sì di ìṣẹ́jú 97, tí àwọn kan ti ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga, Reiss Nelson gbá ẹ̀kẹta wọlé. Alfa kò pariwo. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dé e sí ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo àwọn tí ó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún tí ó ti pẹ́, ó ń dárí jì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ààwẹ̀ Ramadan wọlé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ Àjíǹde fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, Arsenal fi góòlù méjì ṣíwájú Liverpool, ó sì parí sí ọ̀mì, 2–2. Ẹnu ààwẹ̀ ni Alfa wà ní gbogbo àkókò náà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣínu nígbà tí eré parí, àwọn tí ó jókòó tì í sì sọ fún mi pé omi nìkan ni ó lè mu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, West Ham náà: góòlù méjì ṣíwájú, ọ̀mì 2–2, Bukayo Saka sì gbá pẹnáritì síta. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí London ni Saka, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó nílò ògbufọ̀ fún orúkọ rẹ̀. Ọmọdé kan láti ẹ̀yìn pátápátá ni ó sọ ọ́ pé Bùkáyọ̀ ti bù nínú ayọ̀ Alfa. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: kò yí orúkọ padà, kò fi kún un, ìdí orúkọ ni ó tú. Ọ̀pọ̀ akéwì tí ó ń gbé ìwé jáde ni kò rí irú rẹ̀ sọ láàárín ojú ewé ogún.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ni ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Southampton, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tábìlì, bá Arsenal gbá ọ̀mì 3–3 ní ilé Arsenal. Alátìlẹ́yìn Manchester United kan tí ń ta fóònù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ní, “Alfa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ọ̀mì. Ẹ̀mí yín yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀.” Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Manchester City na Arsenal 4–1, kíkí sì yí padà: “Ẹ kú arafẹ́rakù.” Nígbà tí Brighton gbá góòlù mẹ́ta wọlé wọn ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ó di “Ẹ kú ìrọ́jú.” Ní ọjọ́ 20, Nottingham Forest fi góòlù kan borí wọn, ife ẹ̀yẹ sì di ti Manchester City, ìyẹn ni “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.” Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó kẹ́yìn kù. Arsenal na Wolves 5–0 nínú rẹ̀, kò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́. Àwọn ọmọ náà kí Alfa pé ẹ kú ìnáwó.

Bí a bá to àwọn kíkí wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn, ètò ìsìnkú pátá ni a ó bá níbẹ̀, láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ títí dé orí ìnáwó ẹ̀yìn òkú. Kò sí ẹni tí ó jókòó ṣètò rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni, n kò sọ pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí gún Alfa lára ní láti mọ ibi tí ìrora náà dé, kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀mì àti ìparun. Elédèkéyedè kan lásán kò lè ṣe é. Alfa náà kò kùnà nínú tirẹ̀. Ó ń dáhùn bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ti í dáhùn, pé ẹ ṣeun, a kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Gbogbo ilé a sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó ń gbàdúrà fún. Òfin kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹni tí yóò kí ọlọ́fọ̀ gbọ́dọ̀ ní òkú tirẹ̀. Chelsea ṣe ipò 12 ní sáà yẹn, nítorí náà ẹlẹ́rìí lásán ni àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea, wọn kò la ẹnu. Èrò tèmi ni pé ìbánikẹ́dùn tí ó wọ ẹ̀wù yẹ̀yẹ́ ni a ń gbọ́ níbẹ̀, nítorí pé ojú ń ti ọkùnrin láti bá ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sunkún lórí bọ́ọ̀lù.

Nick Hornby, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé Fever Pitch jáde ní 1992. Arsenal kan náà ni ó kọ ọ́ lé lórí, láti 1968 tí bàbá rẹ̀ ti mú un lọ wo eré wọn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni ó sì fi to ìwé náà. Ìwé gidi ni. Ohun tí ó yé e ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ni pé kì í ṣe ìgbádùn ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń wá lọ sí pápá. Síbẹ̀ ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni. Òun nìkan ni ó gbé ìrora rẹ̀, àwa òǹkàwé nìkan ni ó sì ń rò ó fún. Alfa kò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò kàwé, wọn kò fún un láyè láti dá nìkan banújẹ́ ni.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi oyin bo ọ̀rọ̀ náà. Ní 2009, lẹ́yìn tí Barcelona borí Manchester United nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù, alátìlẹ́yìn Manchester United kan wa bọ́ọ̀sì wọ àárín àwọn alátìlẹ́yìn Barcelona ní ìlú Ogbo, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ènìyàn mẹ́rin kú. Àwọn tí ó ti jókòó sínú ilé ìwòran mọ bí ilẹ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rín àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tó, pàápàá láti ìgbà tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ lórí eré kò ní sáà kankan. Owó àná ni ó ń wá, kíkí kò sì lè dá owó padà. Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn wọ̀nyí ni wọn kì í mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá àwọn ará Challenge rò gan-an kì í ṣe ti Arsenal. Nínú ìlú kan náà ni Kwara United wà. Orúkọ Rashidi Yekini, ẹni tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife àgbáyé ní 1994, ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré tí ó wà nílùú náà. Ẹgbẹ́ yìí ṣe ipò kẹrin nínú líìgì Nàìjíríà ní sáà 2021 sí 2022. Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n fi pẹnáritì borí Abakaliki FC ní Èkó, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Federation fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹrú òyìnbó ni ẹni tí ó bá fi Kwara United sílẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé Arsenal. Àlàyé yẹn rọrùn jù. Alfa ń tẹ̀ lé méjèèjì, ó sì ti sanwó wọ pápá ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tí Kwara United kò ní ní Challenge ni ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó jókòó sí àga kejì tí ó jẹ́ ti Remo Stars tàbí ti Shooting Stars, tí yóò mọ bí eré ti lọ, tí yóò sì wá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Kwara United bá Asante Kotoko ti ilẹ̀ Gánà pàdé nínú ìdíje CAF. Ní Accra, Kotoko borí 4–3. Góòlù mẹ́ta nílé onílé kì í ṣe ohun kékeré, Alfa sì ti ṣírò rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé góòlù kan péré ni yóò gbé wọn kọjá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbá ìkejì. Kotoko ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí ó wọlé. Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò ránṣọ, ó kọjú sí òpópónà. Ọmọkùnrin tí ń ta fóònù ọjọ́sí kọjá, ó yà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, Alfa sì gbé orí sókè sí i.

“Alfa, ẹ kú iṣẹ́,” ni ó wí. “Ṣé ẹ ti bá mi rán bùbá yẹn tán?”