Eré Ojú Agbo àti Àwo Orin: Àyẹ̀wò Ìyangàn Olólùfẹ́ Orin Ìlú Ọba

Láàárín àwọn Yorùbá tí ó fẹ́ràn orin, irú ẹnì kan wà tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹni náà ń gbọ́ jùjú, ó ń gbọ́ fújì, kò sì kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìyangàn, orin Ìlú Ọba ni yóò fi yangàn: Beatles, Rolling Stones, Cream, Queen. Ìyangàn rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé àwọn ará Ìlú Ọba mọ orin í kọ. Èkejì, èyí tí ó máa ń fi agbára sọ jù, ni pé kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣeré lójú agbo tó wọn. Èkejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó kan ìmọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn gbọ̀ngbọ̀n.

Ibi tí olólùfẹ́ náà jókòó sí ṣe pàtàkì. Ẹ wo ìlú Minna ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ibẹ̀ ni ojú irin tí ó wá láti Èkó ti pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano, àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn tí irú ìrìnnà bẹ́ẹ̀ kó dé àárín àwọn Gbagyi àti àwọn Núpé. Fún Yorùbá tí ó dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, inú àwo, inú kásẹ́ẹ̀tì àti orí rédíò ni orin Ìlú Ọba ti bá a. Kì í ṣe ojú agbo ni wọ́n ti pàdé. Èyí ni pé eré ojú agbo tí ó ń yìn jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ́wọ́ tí ó gbọ́ nínú àwo ni ó fi ń fojú inú rí èrò. A kò sọ èyí láti fi pẹ̀gàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ́ni ní ìrèmọ̀jé ni kò bá ọdẹ dé ìdí òkú ọdẹ rí.

Ìyangàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú nígbà gbogbo. Ní 1963, ìjọba Ìlú Ọba fi oyè M.B.E. dá I.K. Dairo, àgbà olórin jùjú, lọ́lá. Kí ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe sí oyè náà? Wọ́n sọ ọ́ di oríkì. Lẹ́tà mẹ́ta náà lẹ̀ mọ́ orúkọ Dairo lára àwo rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ènìyàn títí ó fi kú ní 1996. Ẹni tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò ro ti Ọbabìnrin Elizabeth. Dairo ni ó ń gbé ga. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, Ambrose Campbell tí wọ́n bí ní Èkó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù May 1945, nígbà tí tẹrú-tọmọ ń yọ̀ ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù pé ogun ti parí ní Yúróòpù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lùlù, wọ́n ń kọrin láàárín èrò ní Piccadilly. Ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ṣeré fún ọdún púpọ̀ ní ìlú náà. Ẹni tí ó bá ń fi eré ojú agbo Ìlú Ọba yangàn ń fi ohun tí ọmọ Yorùbá ti lọ́wọ́ nínú rẹ̀ yangàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Bí a bá bi olólùfẹ́ yìí pé kí ni ó fi ń mọ eré ojú agbo tí ó dára, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́: akọrin náà kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ó ti wà nínú àwo, ohùn kò yẹ̀, gìtá kò ṣìnà. Àwo ni òṣùwọ̀n. Agbo ni ó ń fi wọ̀n. Àwọn kan lè yára sọ pé Yorùbá kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, pé bí apohùn bá ti fẹ́ ni ó ń ṣe. Èyí náà kò tọ̀nà. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde lórí ìjálá ní 1966, ó fi hàn pé bí oníjàálá bá ń sun ìjálá níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń tẹ́tí sí i gan-an, bí ó bá sì ṣì í sun, wọn yóò dá a lẹ́nu kọ́, wọn yóò sọ fún un pé irọ́ ni ó pa. Òun náà lè fèsì padà. Òṣùwọ̀n wà, ó sì le; ṣùgbọ́n inú àwọn tí ó jókòó ni ó wà, kò sí nínú àwo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jùjú ní òde àríyá. Bí ẹni ńlá kan bá wọlé, orin yóò yà sí ọ̀nà rẹ̀. Olórin yóò dárúkọ rẹ̀, yóò kì í, yóò dárúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀. Dùndún yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu akọrin, àwọn elégbè yóò gbè é. Ẹni tí wọ́n ń kì yóò dìde, yóò jó dé iwájú, yóò máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Orin náà kò lè parí kí ó tó jó tán. Tí kò bá wá sí òde náà, ẹsẹ orin náà kò ní wáyé rárá. Ìwé tí Christopher Waterman kọ lórí jùjú ní 1990 ṣe àlàyé tí ó kún lórí irú òde báyìí. Níbí, òǹwòran kì í ṣe ẹni tí ó wá wo ohun tí ó ti parí. Òun gan-an wà lára àwọn tí ó ń kọ́ ọ.

Àwo kan wà tí ó gbé òṣùwọ̀n méjèèjì yìí ko ara wọn lójú. Ní 1971, Fẹlá, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Ransome-Kuti nígbà náà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Africa 70 ṣe àwo kan pẹ̀lú Ginger Baker, ará Ìlú Ọba tí ó ti jẹ́ onílù ẹgbẹ́ Cream. Wọ́n pe àwo náà ní Live!, èyí ni pé ojú agbo ni wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbọ̀ngàn, kì í sì í ṣe òde àríyá. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni, níbi tí àwọn Beatles ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Nǹkan bí ènìyàn 150 ni wọ́n kó wọ inú rẹ̀ láti jẹ́ òǹwòran. Bí ọ̀rọ̀ àyálò ti wà nínú èdè, agbo àyálò ni èyí.

Síbẹ̀, àwo náà dùn, ó sì yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀. Níbi tí Baker àti Tony Allen, onílù Africa 70, ti jọ ń lùlù, ọ̀nà wọn kò jọra. Baker ń ti orin náà síwájú bí ẹni ti ọkọ̀. Allen ń pín ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ káàkiri bí ẹni pé onílù mẹ́rin ni ó jókòó síbẹ̀, ó ń yí orin po lábẹ́. Kò sí ẹni tí ó borí ẹnì kejì. Bí wọ́n ti ń wá ara wọn kiri nínú ìlù náà ni ó mú adùn wá, kò sì sí àwo kankan tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n bóyá ó tọ̀nà. Àkọlé orin kan nínú rẹ̀ tún yẹ fún àkíyèsí onímọ̀ gírámà: “Ẹ Gbé Mi O.” Arọ́pò-orúkọ ẹnì kejì ọ̀pọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ ni, ẹ̀bẹ̀ ni, ó sì ń wá ẹni tí yóò gbé e. Ní Èkó, ẹni tí ó gbọ́ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ní Abbey Road, fún ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, ìlù nìkan ni ó kù láti jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

Ní ti Baker, ó ṣòro láti bá a wí. Ní 1971 kan náà, ó wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, Tony Palmer sì ṣe fíìmù nípa ìrìn-àjò náà. Ní 1973, ó dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Olólùfẹ́ orin ni òun náà, àmọ́ ó dìde lọ sí ibi tí agbo wà.

Ọdún 1973 yìí náà ni Paul McCartney, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine láti ṣe àwo Band on the Run ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá. Ìtàn náà gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ wà tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn kì í sábà fọkàn sí. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá McCartney àti Linda lọ́nà, wọ́n sì kó kásẹ́ẹ̀tì tí ó gba orin wọ̀nyẹn sí àti ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sí lọ. Orí ni ó ní láti fi rántí wọn. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àwo di apohùn ní Èkó, ó ń wá orin nínú iyè rẹ̀ bí akéwì Ifá. Ó tún lọ sí ibi tí Fẹlá ti ń ṣeré, òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé omi bọ́ lójú òun nígbà tí òun gbọ́ ẹgbẹ́ náà. Fẹlá, ní tirẹ̀, fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó. McCartney gbé orin tí ó ń ṣe lọ́wọ́ síwájú rẹ̀ kí ó lè gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti òtítọ́, ẹ̀sùn náà kò dúró: Remi Kabaka, ọmọ Èkó, nìkan ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó lùlù nínú àwo náà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí ó bá pa ẹ̀sùn náà tì nítorí pé kò dúró ti ju nǹkan nù. Ohun tí Fẹlá ń bẹ̀rù ni pé ohun tí wọ́n ń ṣe lójú agbo lè di ohun tí ẹlòmíràn ní nínú àwo. Bí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe fi èyí hàn. Bí Fẹlá bá ti gba orin kan sílẹ̀ sínú àwo, kì í kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Òǹwòran tí ó wá gbọ́ orin àwo yóò bá orin tuntun pàdé. Olólùfẹ́ wa tí ó ń fi àwo wọn agbo kò ní ohun tí yóò fi wọn ti Fẹlá rárá, ó sì lè jẹ́ ìdí nìyí tí kì í fi dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń yangàn.

Ti Sunny Adé yàtọ̀. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music rẹ̀ jáde. Lórí àwo jùjú tí wọ́n ń ṣe nílé, orin kan lè gba ojú àwo kan tán, kí ọ̀kan máa wọ inú èkejì bí ó ti ń rí lóde àríyá. Lórí Juju Music, orin méje ni wọ́n gé wọn sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀. Ní oṣù January 1983, ó ṣeré ní Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé ìròyìn wọn yìn ín, ìyìn náà sì gba ojú òfuurufú padà wá sílé, ó bá àwọn tí kò ka jùjú sí rárá. Àwọn yìí ni òwe pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn kọ́kọ́ bá wí. Nígbà tí ẹlòmíràn wá so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ wọn, ni wọ́n tó rí ìdí náà.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí gba ẹ̀tọ́ olólùfẹ́ orin Ìlú Ọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún un ni ti 13 July 1985 ní pápá Wembley, ní ọjọ́ tí wọ́n ṣeré Live Aid nítorí ìyàn ilẹ̀ Ethiopia. Freddie Mercury ti ẹgbẹ́ Queen, ẹni tí wọ́n bí ní Zanzibar, dákẹ́ ohun èlò orin, ó fi ohùn lásán lé, nǹkan bí ènìyàn 72,000 sì gbè é. Ó tún yí ohùn náà, wọ́n tún tẹ̀lé e. Lílé àti gbígbè ni, Yorùbá tí ó bá rí i kò nílò alálàyé. Kò sí nínú àwo kankan ṣáájú ọjọ́ náà. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí òde àríyá ni pé ẹnikẹ́ni kò ní orúkọ nínú 72,000 náà. Wọ́n gbè bí ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí a kì, kò sí ẹni tí ó lè dá Mercury lẹ́nu kọ́ pé ó ṣì í.

Ọ̀rọ̀ náà tún padà sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀. Nínú iṣẹ́ àṣegboyè lórí jùjú àti fújì, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ra kásẹ́ẹ̀tì, kí ó ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ó wá àwítúnwí àti àfiwé nínú rẹ̀, kí ó sì pe èyí ní lítíréṣọ̀ alohùn. Orúkọ ẹni tí wọ́n kì yóò wà nínú àdàkọ náà, ṣùgbọ́n bóyá ẹni náà dìde tàbí kò dìde, bóyá orin gùn nítorí rẹ̀, kò ní sí níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣe àdàkọ àwo 1971 yẹn lọ́la, ọ̀rọ̀ Fẹlá yóò wà lórí ìwé. Àtẹ́wọ́ àwọn ènìyàn 150 náà, tí ó ṣì wà nínú àwo fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fetí sílẹ̀, ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fò dá kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.