Ìfarabalẹ̀ tàbí Ìfaradà? Èrò Jon Kabat-Zinn àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì

Ní ọdún 1979 ni Jon Kabat-Zinn dá ètò kan sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, láti ran àwọn aláìsàn tí ìrora kò fi sílẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti máa fọkàn sí èémí wọn, kí ara lè tù wọ́n, kí iṣẹ́ wọn sì lè pọ̀ sí i. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìtumọ̀ ló kọ́kọ́ ṣòro. Sati ni ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Pali, ìrántí sì wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. 'Ìfọkànsí' sún mọ́ 'ìfọkànsìn' jù, etí yóò gbà á bí ọ̀rọ̀ ìjọsìn. 'Ìfura' ní ìbẹ̀rù ewu nínú. 'Ìfarabalẹ̀' ló tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé láti ara ni ó ti bẹ̀rẹ̀, bí ètò Kabat-Zinn náà ṣe ń mú ènìyàn dùbúlẹ̀ kí ó fi ọkàn tọ ẹ̀yà ara rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí.

Ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀ kì í ṣe ìfaradà. Ẹni tó fara balẹ̀ ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní àwòfín. Ẹni tó ń fara dà á kàn ń retí kí ó kọjá ni. Nínú McMindfulness (2019), Ronald Purser ṣe àríwísí pé wọ́n ti sọ wàhálà tí ètò àwùjọ dá sílẹ̀ di ẹrù ẹnìkọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Nígbà tí ASUU fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, tí ìjọba sì dá owó oṣù dúró, kí ni èémí fẹ́ ṣe sí i?

Síbẹ̀, Purser kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìwàpẹ̀lẹ́ tí Wándé Abímbọ́lá kọ nípa rẹ̀ ní 1975 kò mọ sínú ọkàn ẹni. Ọ̀nà tí a gbà ń bá ọmọnìkejì lò ni a fi ń dá a mọ̀. Bí olùkọ́ bá fara balẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbéga kì í béèrè èyí. Iye àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń kà.

Èmi fúnra mi dán an wò. Mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Orí kan péré ni mo kà lọ́jọ́ náà, níbi tí mo ti máa ń ka mẹ́ta, mo sì rí àṣìṣe kan tí mo ti fojú fò lẹ́ẹ̀mejì.