Orúkọ Tí Ó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹni tí ó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Agége lónìí, orúkọ Babatunde Raji Fashola, tí ó jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007 di 2015, ni ó wà lára ìdíkọ̀ náà. Ojú irin tuntun tí a ṣí ní 2021 ni ó bá ìsọlórúkọ yìí wá. N kò bá gómìnà jà. Iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, kí ni ìdíkọ̀ náà ń sọ fún wa nípa àwọn tí ojú irin gbé wá sí Agége?

Nígbà tí ojú irin àkọ́kọ́ so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901, ilẹ̀ oko ni Agége àti Ìfàkọ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn oníṣòwò Èkó ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Ìtàn kò gbàgbé Coker, nítorí òpó pàtàkì ni nínú ìjọ African Church. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá ro oko wọ̀nyí ńkọ́? Wọ́n gbé irúgbìn kòkó àti ọgbọ́n ìgbìn rẹ̀ padà sí ìlú wọn, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí kòkó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn Hausa tí wọ́n ń di obì gbànja ránṣẹ́ sí Òkè Ọya, kí ni a fi ń rántí wọn? Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ wá sí Ìkẹjà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti kógbá sílé. Dunlop kò ṣe táyà mọ́ níbẹ̀ láti 2008. Pápá ọkọ̀ òfurufú tí àwọn ọmọ wọn sì ń gbà lọ sókè òkun, orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó dé àti ẹni tí ó lọ, abẹ́ orúkọ ẹni ńlá ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ẹ fi èyí wé Cobh, ìlú etí òkun kan ní gúúsù Írẹ́lándì. Láàárín 1848 sí 1950, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ni ó wọkọ̀ níbẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn odi. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria bẹ ìlú náà wò ní 1849, wọ́n sọ ọ́ ní Queenstown. Ní 1920, wọ́n pa orúkọ ọbabìnrin tì. Ìdíkọ̀ ojú irin àtijọ́ ibẹ̀ ti di ilé ìtàn àwọn tí ó lọ. Ère ọmọbìnrin kan, Annie Moore, àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì wà lẹ́bàá omi. Òun ni ó kọ́kọ́ gba Ellis Island wọ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1892. Kò jọba, kò jagun. (Ìlú náà ń pawó lórí ọ̀rọ̀ yìí o, omijé baba ńlá ti di ọjà.)

Ẹnìkan lè ní Àgbádárìgì ti ṣe tiwa. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni a ń wò níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ, nítorí àwọn amúnilẹ́rú ti gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó. Agége kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè wa ni kò mọ arìnrìn-àjò í dá lọ́lá. Ọmọ tálákà tí a bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Èyí tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé, Tòkunbọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àlòkù ni orúkọ náà ń mú wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nísinsìnyí. Yorùbá ti kọ ìrìn àjò sára ọmọ kí ìjọba tó kọ orúkọ sára ìdíkọ̀.

Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà láàárín 1960 sí 1970 kò tíì tán láyé. Mo mọ̀ lára wọn tí káàdì iṣẹ́ wọn ṣì wà nínú àpótí. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó láti bẹ̀rẹ̀, yàrá kan nínú ìdíkọ̀ Agége yóò sì gba ohun tí wọ́n bá kó bọ̀.