Ta Ni Ìyá Rẹ̀?

Nínú yàrá kékeré tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Mission Road ní Benin, àpò ìwé aláwọ̀ búráùn ló kún orí pẹpẹ láti òkè dé ilẹ̀. Òkú kan, àpò kan. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn ẹbí tọpa ìran wọn nílùú yìí, ibi tí iṣẹ́ náà sì ti dùn mọ́ mi jù lọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń sá fún: orúkọ kan ṣoṣo tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ti sùn sínú rẹ̀. N óò jókòó tì í bí ẹni tó ń tú òwú tó ta kókó, n ò ní fà á já, títí olúkúlùkù yóò fi bọ́ sí àyè tirẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Babátúndé mẹ́rin ni mo mọ̀ nínú agbo ilé wa, ẹnikẹ́ni kò sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì rí, nítorí pé ìyá àgbà kì í pè wọ́n ní Babátúndé. Àkànní ló ń pe ọ̀kan, Àjàní ló ń pe èkejì, Àlàó ni ẹ̀kẹta, èyí tó kéré jù sì ni Àyìnlá. Oríkì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ìwé tó dé. Nígbà tí mo kó wá sí Benin, mo wá ohun tó jọ èyí kiri, ẹnu ọmọdé ni mo sì ti rí i. Ọmọ Edo kì í kàn jí kó kí bàbá rẹ̀ lásán. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀, tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ. Ti ìdílé ọba ni Lamogun. Bí ọkùnrin méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ìkíni ilé wọn sì yàtọ̀, wọn kì í ṣe ará ilé kan, bó ti wù kí orúkọ náà bára mu tó. Ìbéèrè kan péré nípa ìkíni yìí lè gba ènìyàn lọ́wọ́ oṣù mẹ́fà nínú eruku fáìlì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ ṣe ń ṣini lọ́nà, kó kọ́kọ́ wo ààfin. Eweka àkọ́kọ́ jọba ní nǹkan bí ọdún 1200. Eweka Kejì gorí oyè ní 1914, ó sì wàjà ní 1933. Akenzua àkọ́kọ́ jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Akenzua Kejì jẹ láti 1933 títí di 1978. Ewuare àkọ́kọ́ gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1440. Ewuare Kejì gba adé ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ọdún 2016. Nínú ìwé ni kìíní àti kejì wà. Àgbàlagbà tó bá sọ fún mi pé bàbá bàbá òun sin "Oba Akenzua" kò ní fi òǹkà kún un, èmi ni n óò bi í léèrè bóyá wọ́n ti ń san owó orí nígbà náà. Ọba kan náà sì lè ní orúkọ méjì. Idugbowa ló di Ovonramwen, Aiguobasinmwin ló di Eweka Kejì, Eheneden ló di Ewuare Kejì. Ìwé tí wọ́n kọ "Iyase Obaseki" sí láìsí ọdún lórí rẹ̀ ti dá mi dúró rí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko: Agho Obaseki jẹ oyè Iyase ní 1914, ó kú ní 1920, Gaius ọmọ rẹ̀ jẹ oyè kan náà ní 1948.

Kì í ṣe Benin nìkan. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, Henry ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Henry ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó di archdeacon náà ń jẹ́. James Johnson tó di bíṣọ́ọ̀bù kò sì bá wọn tan rárá. Orúkọ ìlú gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi láti London nípa bàbá àgbà kan tó wá "láti Benin," mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ kiri Akpakpava nílùú yìí kí n tó rí i pé ará Àjàṣẹ́ ni, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Dahomey kó tó yí orúkọ padà sí Benin ní 1975. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn tó wà nídìí ìjọba Biafra níbí ti kéde "Republic of Benin" ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1967. Ọjọ́ kejì ni ológun ìjọba àpapọ̀ gba ìlú padà.

Ìkíni òwúrọ̀ lè ya ilé sí ilé, kò lè ya ọmọ ilé kan náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. N óò sọ ọ̀kan, orúkọ tí mo lò nínú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Ẹbí náà wá sọ́dọ̀ mi nítorí igiogbe. Ní Benin, ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ló sì ni ín lẹ́yìn tó bá ti ṣe òkú bàbá rẹ̀ parí. Òfin yìí lágbára débi pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní 1991, nínú ẹjọ́ Idehen: ìwé ìhágún kò lè gba igiogbe lọ́wọ́ àkọ́bí. Ẹ ó rí i pé ẹni tó bá ṣi bàbá mú fún ọmọ lórí ìwé lè sọ odidi ẹ̀ka ìdílé di aláìnílé.

Ìwé méjì ni wọ́n gbé wá. Ọ̀kan jẹ́ ti kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ọdún 1911, nígbà tí kò sí ọba lórí ìtẹ́, tí òyìnbó ti lé Ovonramwen lọ sí Calabar. Èkejì jẹ́ rìsíìtì ọdún 1936. Igbinovia ló wà lórí méjèèjì. Ẹbí ní ẹnì kan náà ni, wọ́n sì fi sàréè rẹ̀ hàn mí, tí wọ́n fi táìlì funfun bò: ó kú ní 1958. Èmi náà kó ìwé méjèèjì sínú àpò kan, oṣù méje ni wọ́n sì fi wà níbẹ̀. Ó dùn mí títí di òní.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni ọwọ́ wọn. Ti 1911, àtàǹpàkò ni wọ́n tẹ̀ sí i, yíǹkì rẹ̀ ti di àwọ̀ obì, àpá ọgbẹ́ àtijọ́ kan sì gba àárín ìlà rẹ̀ kọjá. Ti 1936, ènìyàn ló fi gègé kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba bíi ti ọmọ ilé ìwé. Àgbà lè kọ́ ìwé, mo mọ̀. Èyí nìkan kò tó láti pín ènìyàn sí méjì. Mo gbéra, mo lọ bá ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹbí náà ní Uselu.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, ọmọ wọn ń túmọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Igbinovia?" Wọ́n wò mí dáadáa.

"Ta ni ìyá rẹ̀?"

Mo dákẹ́.

"Ṣé èyí tí ìyá rẹ̀ wá láti Udo, àbí èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta epo ní Ọba Market?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ orúkọ ìyá síwájú àpò kí n tó kọ ti òkú fúnra rẹ̀. Bàbá kan lè bí ọmọ méjì lórúkọ kan, lọ́dọ̀ ìyàwó méjì. Ìyá kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tí ti àkọ́kọ́ bá ti kú. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé kọ́ọ̀tù àti ìwé owó orí tí mo ti yẹ̀ wò, ìwọ̀nba ni mo ti rí orúkọ ìyá. Àwọn akọ̀wé kò béèrè. Ohun tí ìbá tú gbogbo kókó náà ni wọn ò kọ, inú sì máa ń bí mi sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí fáìlì.

Màmá wá là á fún mi. Igbinovia, ọmọ obìnrin Udo, ni bàbá. Ọmọ obìnrin elépo kò tilẹ̀ jẹ́ Igbinovia, Osayande ni wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ tó dé ilé ìwé ni wọ́n bi í pé ọmọ ta ni, ó ní ọmọ Igbinovia, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló kú ní 1958. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, Omoregie, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́. Òun ló sin bàbá wọn. Kò lọ ilé ìwé, kò sí ìwé kankan tó pè é ní Igbinovia. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni àwọn tó jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹbí wá sọ́dọ̀ mi, tí wọn kò la ẹnu.

N kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu láìwá èkejì rẹ̀. Mo gba Ìbàdàn lọ, sí National Archives tó wà nínú ọgbà yunifásítì, níbi tí fáìlì ìjọba Benin Province wà. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i: lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ nípa oko rọ́bà, ọdún 1936, ìkọ̀wé tó dọ́gba bíi ti rìsíìtì yẹn náà. Nínú ìlà kejì, ẹni tó kọ ọ́ dárúkọ "bàbá mi olóògbé, Igbinovia." Mo gbé ọwọ́ mi lé orí tábìlì, n ò lè kọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Àpò kan ti di mẹ́ta báyìí. Ti Osayande nípọn. Ti bàbá ní ìwé 1911 nínú. Ti Omoregie, ẹ̀dà ojú ìwé 1911 náà ni mo fi sí i, nítorí pé nísàlẹ̀ rẹ̀, ní apá ọ̀tún níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí wà, àtàǹpàkò míì wà tó kéré ju ti bàbá lọ, tí wọn kò kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá ní òun gbọ́ pé Omoregie tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún náà. Ìyẹn kò tíì tó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mò ń padà lọ sí Ìbàdàn.