Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ní Ilé Eré Yunifásítì Ìbàdàn

Àwọn kan a máa sọ pé Yunifásítì Ìbàdàn ni ó sọ Kọ́lá Ògúnmọ́lá di ọ̀gá nínú eré ṣíṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1950 tó dé ni Ògúnmọ́lá ti ń kó àwọn òṣèré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Àlejò ni Yunifásítì gbà, àlejò náà ni ó sì ta onílé lọ́rẹ.

Ní 1955 ni a ṣí Arts Theatre. Eré òyìnbó ni ó gba ibẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbẹ̀ ni a ti ṣe The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká ní 1959. Láti 1961 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé eré jáde kúrò nínú ọgbà lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ran Yunifásítì lọ́wọ́ láti dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré sílẹ̀, a pe Ògúnmọ́lá. Fún oṣù mélòó kan, kò sí pé ó ń sáré owó ọkọ̀ tàbí owó oúnjẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré nìkan ni ó gbájú mọ́.

Èso rẹ̀ ni Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, tí a kọ́kọ́ ṣe ní oṣù kẹrin, 1963. Inú ìwé Amos Tútùọlá ti 1952 ni ìtàn náà ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ni Tútùọlá fi kọ ọ́ (irú Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀!), Ògúnmọ́lá sì dá a padà sí Yorùbá pẹ̀lú orin àti ìlù. Ohun kan kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀. Nínú ìwé, ọ̀mùtí rìn dé Ìlú Àwọn Òkú ní tòótọ́ láti wá adẹ́mu rẹ̀. Nínú eré, àlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó jí lójú àlá kò jìyà ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Demas Nwoko, ayàwòrán, ni ó darí eré náà tí ó sì ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ tí ń di ẹrù sórí lọ́rì lálaalẹ́ kò lè dá ṣe. Níbi yìí ni mo ti rí ìwúlò Yunifásítì. Ní 1969, Ògúnmọ́lá gbé eré náà dé Algiers.

Síbẹ̀, inú ọgbà ni ilé eré náà wà. Ará Ọjà-Ọba, tí ó ni èdè eré náà, yóò wọ ọkọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ gbọ́n ju èyí lọ: àárín ìlú, ní Arùbídì, ni Orí Olókun wà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, eré Ọlá Rótìmí tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, The Gods Are Not to Blame, ti 1968, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí a bá ní kí n yàn, ilé Ifẹ̀ ni n óò mú, n óò sì gbé èdè Lánkẹ́ wọ inú rẹ̀.