Orin Ìfẹ́ Tí Kò Búra

Ẹ̀sùn kan wà lọ́rùn àwa tí à ń kọ orin ìfẹ́: a máa ń tètè búra. Kí gìtá tó dún dé ìlà kejì, a ti ṣèlérí pé títí ayé ni, pé ikú nìkan ló lè yà wá, pé bí òkun bá gbẹ a ò ní lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé àsọdùn ni, olórin náà mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti jọ gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀, n kò lè pẹ̀gàn rẹ̀ púpọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń padà sídìí "God Only Knows," tí ẹgbẹ́ Beach Boys gbé jáde ní 1966, bí mo bá fẹ́ rántí ohun tí orin ìfẹ́ lè ṣe láìbúra. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu olórin níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ìfẹ́ òun má wà títí lọ. Ẹ gbọ́ o: ohun tó fi ṣílẹ̀kùn nìyẹn! Ẹ̀yìn èyí ló tó wá fi ohun tó wà lójú sánmà dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, tí ọkàn olólùfẹ́ fi lè balẹ̀ díẹ̀. Tony Asher, tó bá Brian Wilson kọ ọ̀rọ̀ orin náà, sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun jà fún un kí orin tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni Asher ń ṣe. Orin kéékèèké tí wọ́n fi ń polówó lórí rédíò wà lára ohun tó ń kọ. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ló ń dá ẹni tó fẹ́ kọjá dúró.

Ilé kan ní Hawthorne, ní California, ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú ilé Wilson: Brian, Dennis àti Carl. Brian ni àkọ́bí, 1942 ni wọ́n bí i, etí ọ̀tún rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta yìí, Mike Love tó jẹ́ ìbátan wọn, àti Al Jardine ọ̀rẹ́ wọn, ló di Beach Boys ní 1961. Orin ìgbì òkun, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọmọge ni wọ́n fi gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé nínú gbogbo wọn, Dennis nìkan ló ń gun ìgbì òkun ní ti gidi. Àwọn yòókù ń kọrin ohun tí ẹsẹ̀ wọn kò mọ̀.

Ní òpin 1964, ìpayà kọ lu Brian nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé wọn lọ sí Houston. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó fi jáwọ́ nínú ìrìn àjò eré. Àwọn yòókù ń kiri ìlú, òun jókòó sí sítúdíò. Ó gbọ́ Rubber Soul, àwo tí àwọn Beatles gbé jáde ní ìparí 1965, ó sì wù ú kí òun náà ṣe àwo tí orin àfikún lásán kò ní sí nínú rẹ̀. Àwo náà ni Pet Sounds, tó jáde ní May 1966. Nítorí pé etí kan ló fi ń gbọ́, ojú ìdún kan ṣoṣo, mono, ló pa gbogbo ohùn inú rẹ̀ pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tó dùn mọ́ mi jù, ìyẹn béèsì.

Kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, iṣẹ́ béèsì ni láti dúró lórí ohùn yẹn, kí akọrin lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Nínú orin yìí, Brian kò jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀. Nígbà tí akọrin bẹ̀rẹ̀, kọ́ọ̀dù D ló wà lókè, ṣùgbọ́n A ni béèsì gbé sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí E dé, tí a rò pé a ti dé ilé, B la bá nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, bí ẹni tó ń na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn tó kàn ń bá àtẹ̀gùn mìíràn pàdé. Títí di òní, àwọn tó ń fi ìmọ̀ orin ṣiṣẹ́ ṣì ń jiyàn bóyá orí E ni orin náà wà tàbí orí A. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo gbà pé Brian kò fẹ́ ká mọ̀.

Àdánwò kan wà tí mo máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá wá kọ́ gìtá lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí wọ́n ta orin náà pẹ̀lú kọ́ọ̀dù gbalasa: D lórí D, E lórí E, kí béèsì máa tẹ̀ lé wọn bí ọmọ lẹ́yìn ìyá. Wọ́n á ta á, á sì dùn. Ẹ lè lò ó níbi ìdúpẹ́, ẹ lè lò ó níbi àríyá. Ṣùgbọ́n ó ti di ìbúra. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n dá béèsì padà síbi tí Brian fi í sí, kí wọ́n fi àtàǹpàkò wá okùn ìsàlẹ̀ náà. Ojú wọn á yí padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn tí akọrin ń lò kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti di ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ̀ ń fi ọkàn olólùfẹ́ balẹ̀, béèsì ń sọ pé ara òun alára kò balẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ orin yìí wà lójú tèmi. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí bébà nìkan ti fi ìdajì sílẹ̀.

Ohun èlò tí wọ́n lò pọ̀, ó sì jọ pé kò yẹ kí wọ́n bára wọn gbé. Ní March 1966, bí ogún olórin ló kún inú sítúdíò Western Recorders ní Hollywood. Ìwo ló ṣí orin náà. Akọ́díọ̀nù wà níbẹ̀ (kò ṣàjèjì sí wa, òun náà ni I. K. Dairo gbé wọ inú jùjú), fèrè àti fáólìn wà níbẹ̀, ṣaworo irú èyí tí òyìnbó ń so mọ́ ẹṣin lára nígbà yìnyín ń dún wọnwọn. Wọ́n tiẹ̀ ń lu ike tí wọ́n fi ń ta omi ọsàn bí ẹni lu ìlù. Nígbà tí wọ́n dé àárín orin, ibì kan kò bọ́ sí i. Don Randi, tó wà nídìí dùùrù, ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa gé ohùn ibẹ̀ kúrú kúrú. Brian gbà lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ti di ọ̀kan lára ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dá orin náà mọ̀. Mo ti bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò ní gba irú àbá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n háyà.

Orúkọ Ọlọ́run tó wà nínú àkọlé fẹ́ dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Brian àti Asher jókòó rò ó pẹ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé rédíò lè kọ̀ láti gbé orin tó da Ọlọ́run pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Á ya ẹni tó gbọ́njú mọ jùjú lẹ́nu. Níbi tí olórin ti ń kí Ọlọ́run, tó ń kí olówó, tó ń kí ìyàwó olówó láìmí, ta ni ń bi í?

Brian fúnra rẹ̀ ni ì bá ṣe aṣáájú ohùn. Ó wá gbé e fún Carl, àbúrò rẹ̀ àbíkẹ́yìn, ẹni ọdún 19. Mo ka ìpinnu yìí kún iṣẹ́ ọnà bí mo ṣe ka béèsì kún un. Àwa akọrin fẹ́ràn ká máa gbọn ohùn, ká máa fà á, ká máa mí kíkankíkan, kí aráyé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà ń dùn wá. Carl kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sídìí fún ariwo. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iye ohun tó lè pàdánù ni wọ́n gbé sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pàdánù púpọ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Ẹsẹ̀ kejì ló máa ń fa àríyànjiyàn. Níbẹ̀, olórin ń ronú ohun tí yóò ṣẹ́ kù fún òun bí olólùfẹ́ bá lọ, kò sì rí nǹkan gidi kan. Àwọn kan gbọ́ ìhàlẹ̀ níbẹ̀, pé ó ń dẹ́rù bà á kí ó má lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rí. Bí ẹni tó ń kígbe bá kọ ọ́, ìhàlẹ̀ ni yóò jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun náà lè yí padà, kí ló fẹ́ fi halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni? Kò sì wù mí bí àwọn mìíràn ṣe ń ti àìsàn ọpọlọ tó bá Brian jà lẹ́yìn náà wọ inú ẹsẹ̀ yìí, bí ẹni pé àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ènìyàn méjì ló jókòó kọ ọ́, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń jókòó ti iṣẹ́.

Ní ìparí, ohùn ń wọnú ohùn. Lílé àti gbígbè la mọ̀ nílẹ̀ wa: ọ̀kan á lé, àwọn yòókù á gbè. Ti ibí yìí yàtọ̀: ohùn mẹ́ta ló ń lé, kò sẹ́ni tó ń gbè. Bruce Johnston, tó ti wọ ẹgbẹ́ náà ní 1965, ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ó ti rẹ Carl, ó ti lọ sílé, Brian bá kọ ohùn òkè, ó tún kọ ti ìsàlẹ̀, Bruce wà láàárín. Àwo náà sì rọra ń rọlẹ̀ lọ, kò parí. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn àwo "Wouldn't It Be Nice" ni wọ́n fi í sí, ipò 39 ló sì dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti gbé e síwájú, ó dé ipò kejì, Paul McCartney kò sì ṣíwọ́ yíyìn ín láti ìgbà náà. Àwo Smile tí Brian bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1967. 2004 ló tó parí rẹ̀. Ní 1969, bàbá rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ orin wọn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 dọ́là. Omi gbé Dennis lọ ní 1983, jẹjẹrẹ pa Carl ní 1998. Brian wá ń fi ohùn ara rẹ̀ kọ orin yìí lórí ìtàgé, ohùn àgbàlagbà tó ti há, tí kò dé gbogbo ibi tó ń nà mọ́. N kò sọ pé ó dára ju ti Carl lọ. Ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀ ju ti BBC ní 2014 lọ, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jọ tí oníkálukú ń kọ díẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kan ni wọ́n pín bí ẹran ìkómọ. Brian kú ní June 2025, ó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 83.

Ìjà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa lórí orin yìí tí a kò tíì parí. Àwo lè máa rọlẹ̀ lọ. Àwa tí a dúró níwájú èrò gbọ́dọ̀ rí ibì kan dákẹ́ sí. Ẹni tó ń ta béèsì wa fẹ́ ká sọ̀ sórí E, kí òun náà wà lórí E nísàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ á délé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí," ló máa ń wí. Èmi ní kó dúró lórí B, kí àwọn tó jókòó má mọ̀ bóyá a ti parí tàbí a kò tíì parí. Ó ní wọn ò ní pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́. Ó ní ta ni yóò wá ná wa lówó.